Kwara United: ẹ má ta bọ́ọ̀lù nìkan, ẹ ta gbogbo ọjọ́ náà

Bí Arsenal tàbí Chelsea bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ilé ìwòran máa ń kún l'Ókè-Òyì bíi ti àwọn ìlú yòókù. Owó ni wọ́n fi ń wọlé, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n sì ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, Ìlọrin tó wà nítòsí ni pápá ìṣeré Kwara United, ẹgbẹ́ tó gba ife Federation Cup lọ́dún 2025. Kí ló dé tí owó náà kì í fi í gba ọ̀nà ibẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ kan gbogbo oníṣòwò kéékèèké.

Àkọ́kọ́, ìkéde. Onílé ìwòran máa ń kọ ọ́ sára pátákó: ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbá, aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀, iye owó. Oníbàárà mọ ohun tó fẹ́ rà. Kí ìkéde Kwara United náà dé rédíò, gáréèjì àti ọjà, ó kéré tán ní ọjọ́ 3 ṣáájú.

Èkejì, ọ̀nà. Owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni òǹwòran ń ná, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wà ńbẹ̀. Kí ẹgbẹ́ bá àwọn awakọ̀ Òkè-Òyì ṣàdéhùn, kí owó kan ṣoṣo kó ọkọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀, kí wọ́n gbéra lẹ́yìn ìrun Àílà.

Ẹ̀kẹta, ìtọ́jú. Bí bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 4, ó ti kan ìrun Àláásàrí. Omi àlùwàlá, ibi ìkírun àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ló máa jẹ́ kí bàbá tún padà wá, kó sì mú ìyàwó àti ọmọ dání.

Ẹ̀kẹrin, ohun ìrántí. Rashidi Yekini, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà, ló gba góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní ife àgbáyé, lọ́dún 1994. Bí ẹbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, jẹ́sì tó ní orúkọ rẹ̀ yóò tà.

Kò sí ẹgbẹ́ tó lè ṣèlérí pé òun yóò borí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ṣèlérí àsìkò, ìjókòó, ààbò àti omi. Ìyẹn ló ń mú èèyàn padà wá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá nà wọ́n.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin oníwàrà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta jẹ́sì, ẹ má dúró kí wọ́n tó pè yín. Ẹ para pọ̀, ẹ kọ iye èrò tí ẹ lè gbé àti iye tí ẹ máa gbà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn alákòóso ẹgbẹ́ náà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.