Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÌDỌ̀TÍ DÚDÚ TÍ Ń DÍ FÁÀFÙ MỌ́TÒ



Ìwé ẹ̀yáwó fún mọ́tò tòkunbọ̀ ti ń pọ̀ ní ọ́fíìsì wa. Àwọn oníṣòwò ẹja fẹ́ máa fi ọkọ̀ ti ara wọn kó ẹrù láti Igbókòdá lọ sí Òkìtìpupa títí dé Èkó, a kò sì bá wọn jà. Ohun tí ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí ni ti arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa. Ní àràárọ̀ ni mọ́tò rẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Wọ́n pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n tún ta oògùn inú ìgò fún un pé kí ó máa dà á sínú táǹkì. Owó ń lọ, mọ́tò kò yí padà, oṣù méjì ni kò sì lè san owó ẹgbẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì mìíràn tú páìpù ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ohun tí a fi ojú wa rí lára fáàfù kò yàtọ̀ sí ìdí ìkòkò tí a ti fi igi dáná sí lábẹ́ fún ọdún kan.

Fáàfù ni ilẹ̀kùn kékeré orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Nínú mọ́tò oníkábúrétọ̀ àtijọ́, àti nínú èyí tí ínjẹ́kítọ̀ rẹ̀ ń fọ́n epo sí ẹ̀yìn fáàfù, epo bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ ni ọṣẹ. Bí ó ti ń kọjá ni ó ń fọ ilẹ̀kùn náà. Ní 1996, Mitsubishi ti Jàpáànù gbé mọ́tò kan jáde tí ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, wọ́n pè é ní GDI. (Mercedes-Benz 300 SL ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1954, àmọ́ ta ni nínú wa ni ó rí ìyẹn rà?) Ọgbọ́n náà dára, epo ń jó dáadáa, ẹ́ńjìnnì sì ń lágbára. Ṣùgbọ́n fáàfù kò rí epo wẹ̀ mọ́.

Níbo ni dúdú náà ti wá? Inú ọ́ìlì ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ooru ọ́ìlì a máa dìde, páìpù kékeré kan a sì dá a padà sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ó lè jó dànù. Ibẹ̀ ni yóò ti lẹ̀ mọ́ fáàfù gbígbóná, yóò yan, yóò gbẹ, yóò di kábọ̀nù. Ẹ̀yin apẹja mọ ohun tí a ń wí: bí ọmọ bá bu ọ́ìlì jù sínú epo ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀, ṣé pulọ́ọ̀gì kò ní dúdú ni? Àmọ́ kí ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún kò ní irú fáàfù yìí rárá.

Àmì rẹ̀ ni pé mọ́tò yóò máa gbọ̀n nígbà tí ó tutù, kò ní fà dáadáa, yóò máa mu epo jù, iná ẹ́ńjìnnì lè tàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, kò sí ẹni tí ó lè fi mímu epo jù ṣeré.

Oògùn inú táǹkì lè fọ ínjẹ́kítọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé ẹ̀yìn fáàfù, nítorí epo kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má tún ra á fún iṣẹ́ yìí. Bí kábọ̀nù bá ti le, àfi kí a tú u. Ní òkè òkun, èèpo àsálà òyìnbó tí a lọ̀ ni wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n lù ú. Tí mẹkáníìkì yín bá máa fi ọwọ́ ha á, ẹ rí i pé fáàfù tí ó ń ha wà ní pípadé, kí ẹ̀há rẹ̀ má baà jábọ́ sínú sílíńdà.

Kí ó tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí ìwé mọ́tò sọ. Ẹ má ṣe bù ú kọjá ìlà orí ọ̀pá ìwọ̀n. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fáàfù kékeré tí ó wà lójú páìpù ooru ọ́ìlì wò, wọ́n ń pè é ní PCV. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí mọ́tò máa rin ìrìn tí yóò fi gbóná dáadáa, kì í ṣe láti ilé sí ọjà nìkan kí a sì pa á. A kò ní purọ́ fún yín: gbogbo èyí ń dín in kù ni, kò lè dá a dúró pátápátá.

Nítorí náà, ibi rírà ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Ẹ wo Lexus méjì ti 2006 tí ó jọra bí ìbejì. IS 250 ń fọ́n epo sínú sílíńdà nìkan, kábọ̀nù sì bá a fínra gan-an. IS 350 ní ínjẹ́kítọ̀ méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sínú, ọ̀kan sí ẹ̀yìn fáàfù láti máa fọ̀ ọ́. Toyota ń pe èyí ní D-4S. Corolla 2003 sí 2008 àti Camry 2007 sí 2011 tí ẹ ń rí káàkiri kò ní wàhálà yìí, ẹ̀yìn fáàfù ni wọ́n ń fọ́n epo sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó mọ́tò, kí ó kọ ọdún rẹ̀ àti ohun tí a kọ sórí ẹ́ńjìnnì wá fún wa ní ọ́fíìsì, kí ó tó fi owó lé oníṣòwò lọ́wọ́.