ILẸ̀ OGUN INÚ ERÉ KỌ̀ǸPÚTÀ

Nínú àwọn eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lóde òní, ọ̀kan wà tí a lè pè ní eré ìbọn. Ẹni tí ń ṣe é kì í rí ara rẹ̀ nínú àwòrán. Ọwọ́ rẹ̀ àti ìbọn tí ó gbé dání nìkan ni ó ń rí, bí ẹni pé òun gan-an ni ó dúró sí ojú ìjà. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ka eré yìí sí ìfàkókò-ṣòfò. Bí ó ti wù kí ó rí, ilẹ̀ tí ìjà náà ń lọ lórí rẹ̀ kò ṣàdédé wà. Ẹnì kan ni ó ronú kí ó tó là á sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹni náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Àwa tí a wà ní Ìbòkun kò ní láti rìn jìnnà kí á tó mọ ohun tí ilẹ̀ lè ṣe nínú ogun. Ìmẹ̀sí-Ilé wà pẹ̀lú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun. Láàrin rẹ̀ àti Ìgbájọ, ní ilẹ̀ olókè, ni Èkìtìparapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ olórí ogun wọn, ti dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ wọn kò tú àgọ́ títí di 1893. Nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, ibi tí yóò ṣe òun ní rere, tí yóò sì ṣe ọ̀tá ní ibi, ni olúkúlùkù balógun ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe ilẹ̀ eré kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá ti yàn ẹni tí yóò borí, eré ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí eré Wolfenstein 3D jáde ní 1992, ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, gbogbo ògiri rẹ̀ sì pàdé ara wọn ní igun ọgbọọgba. Ní 1993, àwọn kan náà tí ó ṣe é gbé Doom jáde. Nínú èyí, àtẹ̀gùn wà, òkè wà, kòtò sì wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá kan kò lè wà lórí òmíràn. Àwọn aṣeré pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ilẹ̀ tiwọn fún un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni òfin kìn-ín-ní nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wo ilẹ̀ tí a ń pè ní Dust2, tí Dave Johnston, ará Bírítéènì, ṣe ní 2001 fún eré Counter-Strike. Ẹgbẹ́ kan ń gbé bọ́ǹbù lọ sí ọ̀kan nínú ibi méjì. Ẹgbẹ́ kejì ń dènà. Ọ̀nà gígùn kan wà ní gbangba, ọ̀kan gba àárín, ọ̀kan sì gba inú ihò. Ẹni tí a dènà mọ́ níhìn-ín lè yà sí ọ̀hún. Oníṣẹ́ náà tún gbọ́dọ̀ ṣírò iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi sáré dé ibi tí wọn yóò ti pàdé, kí ọ̀kan má bàa ti lúgọ de èkejì pẹ́ jù.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ ya ilẹ̀ náà sórí ìwé. Lẹ́yìn náà a fi kọ̀ǹpútà mọ ògiri lásán, láìkùn ún. A wá pe àwọn ènìyàn kí wọ́n ṣeré níbẹ̀, òun a sì máa wò wọ́n. Níbo ni wọ́n ti ń ṣìnà? Níbo ni ẹgbẹ́ kan ti ń borí ṣáá? Nígbà náà ni yóò sún ògiri kan, tàbí kí ó gbé àpótí síbi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí. Ìgbà tí ìjà bá gún régé ni ó tó kùn ún. Nítorí ilé tí a ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ a máa ṣòroó wó. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìṣirò, àwòrán àti sùúrù ni ó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ń ṣeré títí ilẹ̀ fi mọ́, ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ń sáré lórí rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ bí a ti í ṣe é lè la òkè Ìmẹ̀sí sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé pé ẹni tí ó kú nínú eré a dìde. Àwọn tí ó ṣubú ní Kírìjì kò dìde mọ́.

Ìdánrawò
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí balógun ń wá lára ilẹ̀ àti ohun tí aṣeré-ilẹ̀ ń wá?
2. Lo òwe méjèèjì inú àyọkà yìí nínú gbólóhùn tìrẹ.
3. Ya ilẹ̀ ilé-ìwé rẹ sórí ìwé, kí o sì fi ọ̀nà mẹ́ta hàn tí a lè gbà dé ẹnu-ọ̀nà rẹ̀.