Ibi tí ọ̀rọ̀ 'nice' ti wá

 

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí kì í wọ́n nínú àròkọ yín: 'nice'. Oúnjẹ 'nice', olùkọ́ 'nice', aṣọ Iléyá náà 'nice'. Ohun tó dára ni a fi ń pè lónìí, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

'Nescius' ni ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìn: aláìmọ̀, ẹni tí àwa onílé-kéú ń pè ní jáhílì. 'Ne' ni 'kò', 'scire' ni 'láti mọ̀'. Inú 'scire' yìí kan náà ni 'science' ti jáde. Ẹ wo ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan ń jẹ́ ìmọ̀, èkejì ń jẹ́ àìmọ̀! Lẹ́nu àwọn Faransé ó di òmùgọ̀. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé ráyè wọlé síbẹ̀. Ní nǹkan bí 1300, ẹni tí wọ́n bá pè ní 'nice', wọ́n bú u ni. Lẹ́yìn èyí ó di onítìjú, ó di ẹni tó ń ṣa oúnjẹ jẹ, ó di ohun tó péye. Lẹ́yìn 1750 ni ó tó di ohun tó dára. 'Silly' gba ọ̀nà òdìkejì: ẹni-ìbùkún ni láyé àtijọ́, òmùgọ̀ ni lónìí.

Kí ló kan ilé-kéú níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wọ Yorùbá náà ń yí padà. 'Waqt' jẹ́ àkókò lásán ní Lárúbáwá. Lọ́dọ̀ wa ó di wákàtí, ọgọ́ta ìṣẹ́jú gééré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ 'waqtaani' fún wákàtí méjì ti pàdánù máàkì. 'Saa'ataani' ni kó kọ.

Èyí tó kan ẹ̀yin òbí jù ni fìtínà. Ní Ayégbajú níhìn-ín, ìyá a máa sọ pé, "Ọmọ yìí ń fìtínà mi," ìyọnu ni ó ní lọ́kàn. Bí ó bá wá gbọ́ nínú wáàsí pé Kùránì, nínú Súrà Al-Anfal, pe dúkìá àti ọmọ ní 'fitna', yóò rò pé Ọlọ́hun ń bá òun fẹjọ́ ọmọ sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ni 'fitna' níbẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ń lò fún wúrà ni ó ti wá, nígbà tí wọ́n bá fi í sínú iná láti mọ ojúlówó.