Ẹ Má Fi Ìbéèrè Yín Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń yan bọ̀ọ̀lì ní Airport Road, mò ń retí kẹ̀kẹ́ Márúwá, nígbà tí ọmọkùnrin kan tí mo mọ̀ láti ìkókó wá kí mi. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Wárì ni. PTI ní Ẹ̀fúrùn ló ti ń kàwé, òun ló sì ń lu ìlù fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo bi í pé kí ló dé tí mi ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì gbà á gbọ́.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ ni kò kúrò létí mi. Ohùn ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ìjọsìn méjì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, àwòrán àwọn pásítọ̀ sì wà lára òpó iná títí dé ibi tí ojú mi lè ká a dé. Lójú ọ̀nà tí orúkọ Ọlọ́run pọ̀ tó báyìí, ọmọ náà kò rí ẹnì kan tó lè sọ fún pé ọkàn òun ń ṣe iyèméjì. Òun ni mo ń kọ èyí sí, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ mi tí ọ̀rọ̀ yín jọ tirẹ̀.

Èmi náà ti débẹ̀ rí. Ní 1978 ni wọ́n ṣí ilé ìfọpo Wárì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo wá láti Iléṣà, tí mo ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà. Mo ṣiṣẹ́, mo gbéyàwó, mo bímọ, wọ́n fi mí ṣe alàgbà nínú ìjọ. Ní 1999, àìsàn kọ lu ọmọ mi obìnrin kejì, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wòlíì kan sọ fún wa pé kò ní kú, pé kí a gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. A gbà á. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni a tó gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ kejìdínlógún ló kú. Nígbà tí a sin ín tán, wòlíì náà ní ìgbàgbọ́ wa ni kò tó.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wọ aṣọ ìjọsìn, tí mò ń gbé àwo ọrẹ kiri àárín ìjọ, tí mi ò gba àdúrà kan ṣoṣo láti inú wá. Ẹnu mi ń wí pé àmín, ikùn mi ń sọ pé irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Fífi iyèméjì yẹn pamọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Obìnrin Ùròbò kan tí ilé wa kanra ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sítáàṣì àti ọbẹ̀ báǹgà wá fún wa lálaalẹ́. Á jókòó, á wo ìyàwó mi, á wo èmi, á sì kó abọ́ rẹ̀ lọ. Kò bá wa sọ̀rọ̀ Ọlọ́run rí. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó lọ, mo dìde jókòó lórí ibùsùn, mo sì bá Ọlọ́run jà. Mo ní: bí O bá wà, èéṣe tí O fi jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ Rẹ pa irọ́ tó gbé ọmọ mi lọ? Kò sí ohùn kankan tó dáhùn. Àmọ́ mo sùn mọ́jú, ohun tí mi ò ṣe láti ọjọ́ ìsìnkú. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo tún bá A jà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo wá rí i pé èèyàn kì í bá ẹni tí kò sí jà lálaalẹ́ báyẹn. Ibẹ̀ ni mo gbà padà.

Ẹ lọ tún Bíbélì yín kà. Jòhánù tó ṣe ìrìbọmi fún Jésù ló ránṣẹ́ láti inú ẹ̀wọ̀n pé kí wọ́n bi Í bóyá Òun ni ẹni tí àwọn ń retí, àbí kí àwọn máa wo ọ̀nà ẹlòmíràn. Bàbá ọmọ oníwárápá inú Máàkù orí 9 sọ lójú Jésù pé òun gbàgbọ́, kò sì tíì sinmi ẹnu tó fi bẹ̀bẹ̀ nítorí àìgbàgbọ́ òun. Jésù kò lé ìkankan nínú wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Tọ́másì, tí àwọn oníwàásù máa ń nà lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní gbà á àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ tí Jésù tún dé, ibo ni Tọ́másì wà? Ó wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọn kò lé e jáde, òun náà kò sì lọ. Ibi tó ti ń ṣe iyèméjì ni ìdáhùn ti bá a.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Wárì, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìgbà méjì ni ẹ̀sìn Kristi dé ìlú yìí. Ti àkọ́kọ́ ti lé ní irinwó ọdún. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti erékùṣù São Tomé ló gbé e wá sí ilẹ̀ àwọn Ìtsẹkírì, àwọn tí èdè wọn bá tiwa tan. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọba, wọ́n pè é ní Sebastian, òun náà sì jọba. Ọmọ rẹ̀, Domingos, lọ sí ilẹ̀ Potogí, ó kàwé ní Coimbra, ó mú ìyàwó òyìnbó bọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1611, ó sì wá di Olú Atuwatse Kìíní. Ẹ rò ó wò: ọba Wárì tó kàwé ní yunifásítì Yúróòpù, ó lé ní igba ọdún kí wọ́n tó fi Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù! Síbẹ̀, nígbà tí John Adams, ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan, dé ààfin Wárì ní apá ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, àgbélébùú àti ère àwọn ẹni mímọ́ tó ti kán ló bá lórí tábìlì kan. Àgbélébùú onígi ńlá kan ṣì dúró gbọn-in ní oríta. Ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀.

Kí ló fà á? Àlùfáà kò tó, ibà ń pa wọ́n, ìrànlọ́wọ́ láti São Tomé kì í dé déédéé. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èmi ṣe rò ó, ohun tó wọnú jù ni pé ààfin ni ẹ̀sìn náà jókòó sí. Ohun iyì àti ohun òwò ló jẹ́ láàárín ọba àti ọba. Aráàlú kò bá a jiyàn, wọn kò bi í ní ìbéèrè, wọn kò sì gbé e wọ yàrá. Nígbà tí ọjà yí padà, ó bá ọjà lọ. Mo máa ń rántí àgbélébùú oríta yẹn bí mo bá ń kọjá lábẹ́ àwọn pátákó ìsọjí ní Airport Road.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbàgbọ́ tí ẹ jogún lọ́dọ̀ àwa òbí yín ṣe rí kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ìbéèrè tó ń dà yín láàmú yẹn, ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọ yàrá yín ni.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń ja ìjà yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, Olú tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Atuwatse Kejì, kéde pé òun kò jẹ́ Ogiame mọ́, nítorí orúkọ oyè náà jẹ mọ́ òrìṣà omi, òun sì ti bá Jésù dá májẹ̀mú. Ìlú gbóná. Àwọn ọmọ Ìtsẹkírì rọ́ lọ sí ààfin, wọn kò gbà, títí ọba fi yí ìpinnu náà padà. Èmi kì í ṣe ẹni tí í dá ẹjọ́ ọba. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìjà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń jà níkọ̀kọ̀, láàárín ilé baba yín àti Kristi, ọba jà á ní gbangba. Ọmọ rẹ̀, Atuwatse Kẹta, tí wọ́n dé ládé ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, 2021, ń jẹ́ Ogiame, ó sì ń pe orúkọ Jésù láìfi bò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn.

Àwọn kan nínú yín wà tí ẹ kò bínú sí Ọlọ́run rárá. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ Rẹ̀ ló dá egbò sí yín lára. Crowther mọ irú egbò yẹn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, etí odò Ọya ló sì lo agbára rẹ̀ tán sí. Ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọn ò tó ọmọ tó bí bá a jókòó nínú ìgbìmọ̀ ní Onítṣà, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú rẹ̀, wọ́n sì tàbùkù arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, Kristi ṣì ni Olúwa rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ìjọ Niger Delta dìde, wọ́n ní àwọn yóò máa gbọ́ bùkátà ara àwọn. Wọ́n bínú sí àwọn òyìnbó náà, wọ́n sì di ìgbàgbọ́ wọn mú.

Nítorí náà, bí pásítọ̀ kan bá rẹ́ ọ jẹ, pásítọ̀ yẹn ni kí o bínú sí. Sọ ọ́ síta. Kúrò lábẹ́ rẹ̀ bó bá yẹ. Má ṣe lọ gba gbèsè tí èèyàn jẹ ọ́ lọ́wọ́ Jésù. Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá sì yá nínú ilé yín, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ lè máa gbàdúrà nínú kẹ̀kẹ́. Ẹ bá mi gbọ́ ìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ná mi ní ọmọ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ àríyànjiyàn lórí fóònù láàárín òru. Ẹnì kan ní Ọlọ́run kò sí, ẹnì kan ní ẹ̀sìn òyìnbó ni. Ẹ gbọ́ wọn, ẹ má bú wọn. Àmọ́ Etiópíà ti gba Kristi ní sẹ́ńtúrì kẹrin, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Yúróòpù ṣì ń bọ òrìṣà, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó gbà. Ẹ ka ìwé Máàkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí 16 péré ni, bí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí. Kí ẹ sì wá àgbàlagbà kan tí yóò jókòó tì yín láìgbé ìwàásù ka yín lórí, bí obìnrin Ùròbò yẹn ṣe jókòó tì wá.

Ọmọ onílù yẹn kò tíì padà sídìí ìlù rẹ̀. Mi ò fi ipá mú un. Àmọ́ ó ń wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ń kó ìbéèrè wá. Àwọn kan wà nínú wọn tí mi ò ní ìdáhùn sí, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un. A jọ ń jẹ iṣu tí ìyàwó mi bá sè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dání. Àga ṣì wà nílẹ̀. Ẹ máa bọ̀.