Iná Tó Fi Eérú Bojú

Àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ fún kíláàsì JSS 2
Kókó ẹ̀kọ́: Bí a ṣe ń pa iná èédú, àti ibi tó yẹ ká da eérú gbígbóná sí
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40
Agbègbè tí a ṣe é fún: Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè sọ ìdí tí iná fi ń pẹ́ lábẹ́ eérú. Yóò lè ṣàlàyé bí a ṣe ń pa èédú tí kò fi ní jó ẹni tó ń pa á. Yóò sì lè bá àgbàlagbà sọ ọ̀rọ̀ náà tí wọn kò fi ní pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo kà sí jù, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ló ni àdògán.

Ohun èlò ìkọ́ni

Àdògán kan pẹ̀lú ẹ̀yinná díẹ̀, ẹ̀mú, agolo mẹ́ta tó ṣófo (kí ọ̀kan ní ìdérí onírin tó dé pinpin), eérú tútù, garawa omi kan. Ìta ni kí a ti ṣe é, lórí ilẹ̀ tí kò ní koríko. Olùkọ́ nìkan ni kó fọwọ́ kan ẹ̀mú.

Ìfáàrà: Ṣé iná lo wá fọn ni?

Bi kíláàsì pé: ta ló ti gbọ́ rí kí wọ́n bi àlejò tó ń kánjú pé, "Ṣé iná lo wá fọn ni?" Ọ̀pọ̀ yóò nawọ́. Ìwọ̀nba ni yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀.

Kí ìṣáná tó wọ ilé gbogbo, wọn kì í jẹ́ kí iná kú nínú agbo ilé. Bó bá di alẹ́, ìyá àgbà á kó ẹ̀yinná jọ, á fi eérú bò ó mọ́lẹ̀, á lọ sùn. Láàárọ̀, á fi igi tú eérú náà, á bá ẹ̀yinná níbẹ̀ tó ṣì pọ́n, á fẹ́ ẹ, iná á ràn. Ilé tí iná bá kú sí lọ́wọ́, ọmọ ni wọ́n ń rán lọ sílé kejì pé kó lọ fọnná wá. Ọmọ náà kò sì gbọdọ̀ dúró tàkúrọ̀sọ, kí iná ọwọ́ rẹ̀ má baà kú.

Dúró díẹ̀ níbí. Eérú ni àwọn ìyá wa fi ń tọ́jú iná mọ́jú. Àwa tí a ń lo ìṣáná àti gáàsì ti gbàgbé ìyẹn pátápátá: bí a bá ti rí i pé àdògán funfun, a ní iná ti kú, a ó sì gbé e dànù. A máa ń pa á lówe pé iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ àrólé ni òwe náà ń sọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ nínú àdògán, èyí tó fi eérú bojú lè má tíì kú. Oorun ló ń sùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ eérú

Nǹkan mẹ́ta ni iná ń jẹ: ohun tó ń jó, ooru, àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Mú ọ̀kan kúrò, iná á kú. Ẹ̀yinná tó pọ́n dáadáa máa ń gbóná kọjá 600°C, bẹ́ẹ̀ 100°C péré ni omi fi ń hó. Eérú dà bí aṣọ ìbora lórí rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ooru jáde, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ló sì ń jẹ́ kó wọlé, ni èédú bá ń jó díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ panápaná fi ń gba èèyàn níyànjú pé kí eérú lo wákàtí 48, ìyẹn ọjọ́ méjì gbáko, kó tó kúrò nínú ohun èlò onírin.

Ìdánrawò: Fi ẹ̀yinná kan sínú agolo kìíní, má bò ó. Fi òmíràn sínú agolo kejì, da eérú tútù lé e títí kò fi ní hàn mọ́. Fi ẹ̀kẹta sínú agolo tó ní ìdérí, dé e. Máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tú wọn wò. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n rò pé yóò ṣì máa pọ́n. Ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ èyí tó wà ní gbangba. Èyí tó wà lábẹ́ eérú ni kó yà wọ́n lẹ́nu.

Bí àyè bá wà, sọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù fún wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1666, iná bẹ̀rẹ̀ ní ilé Thomas Farriner tó ń ṣe búrẹ́dì ní òpópónà Pudding Lane. Ó jó fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ilé bí 13,200 ló sì run. Farriner tẹnu mọ́ ọn pé òun ti pa iná ààrò òun kí òun tó lọ sùn. Bi wọ́n pé: báwo ló ṣe lè dá èèyàn lójú tó bẹ́ẹ̀ pé iná ti kú?

Bí a ṣe ń pa á

Kí iṣẹ́ tó parí ni pípa iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbọ̀lì tó mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún ló kù kò nílò láti da èédú tuntun sí i.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fi ebi afẹ́fẹ́ pa á. Bí ohun tí a fi ń yan nǹkan bá ní ìdérí, ẹ dé e, kí ẹ sì dí gbogbo ihò rẹ̀. Àgbá tí wọ́n là sí méjì, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yan ẹja ń lò, kì í ní ìdérí. Ẹ̀mú ni kí wọ́n fi ṣa ẹ̀yinná sínú ìkòkò irin, kí wọ́n sì dé e pinpin. Èédú inú rẹ̀ á kú láìjó tán, ọ̀la ni wọ́n á tún lò ó. Owó ni. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ míì tó ń wọ etí ọlọ́jà bí ìyẹn.

Omi ńkọ́? Ó ń pa iná, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Omi tó bá di oruku gbígbóná máa ń fẹ̀ sí bí ìlọ́po 1,700. Ẹni tó bá da garawa omi gbuu sórí ẹ̀yinná, ojú rẹ̀ ni oruku àti eérú gbígbóná máa ń fẹ́ lù. Àdògán alámọ̀ sì lè là. Ẹ wọ́n omi díẹ̀díẹ̀, ẹ yàgò fún oruku rẹ̀, ẹ fi igi rò ó, ẹ tún wọ́n ọn, títí kò fi ní pariwo ṣììì mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rá ẹran tàbí òróró ẹja ló gbaná, ẹ má bu omi sí i rárá. Yóò ta káàkiri ni. Iyanrìn tàbí ìdérí ni tiẹ̀.

Etí ọ̀sà nìkan ni mo ti máa ń yan omi láàyò. Àwọn tó bá lọ ṣe fàájì níbẹ̀ máa ń fẹ́ràn láti ri ẹ̀yinná mọ́ inú iyanrìn, wọ́n á sì máa lọ. Iyanrìn ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí eérú ń ṣe: ó ń pa ooru mọ́. Ọmọ tó ń sáré láìwọ bàtà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì kò rí nǹkan kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa sọ fún un. Ẹ fi omi rin ín gbingbin, kí ẹ sì kó o lọ.

Ibi tí eérú ń lọ

Apá yìí ni kí olùkọ́ má kánjú lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni a ti ń ṣàṣìṣe jù.

Ọdún Iléyá kan, lẹ́yìn tí a sun orí àti ẹsẹ̀ àgbò tán nírọ̀lẹ́, èmi fúnra mi ni mo kó eérú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fọwọ́ kan òkè rẹ̀, ó tutù bí ilẹ̀. Mo dà á sínú àpò sìmẹ́ńtì, mo gbé e ti ilé adìyẹ onípákó lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò tíì tó ọ̀sán tí àpò náà fi jó, tí ẹsẹ̀ ilé adìyẹ sì ń rú èéfín. Bí kì í bá ṣe pé aládùúgbò wá fa omi, mi ò bá máa sọ ìtàn míì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òkè eérú kì í sọ òótọ́ nípa ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní Ẹ̀pẹ́, àsè kì í tán nídìí Iléyá. Àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ tún máa ń ṣe ọdún Káyòkáyò lẹ́yìn rẹ̀, ní ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe tẹ̀dó síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní ọdún 1851. Níbi tí wọ́n bá ti ń jẹ àjẹyó bẹ́ẹ̀, eérú á pọ̀ lẹ́yìnkùlé.

Inú garawa onírin tó ní ìdérí ni kí eérú wà fún ọjọ́ méjì yẹn, lórí sìmẹ́ńtì tàbí ilẹ̀ lásán, kó jìnnà tó mítà mẹ́ta sí ilé, sí pákó, sí sílíńdà gáàsì. Ẹ má fi sínú ike, páálí tàbí ọ̀rá. Ẹ má dà á sínú gọ́tà, torí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún ibẹ̀. Ẹ má dà á sí ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń la pákó l'Ágbówà tàbí n'Íkòròdú. Lẹ́búlẹ́bú pákó lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí èéfín. Ní ẹbúté tí wọ́n bá ti ń gbé bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

Ẹ má sì gbé e fún ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí nígbà tó ṣì gbóná. Inú ọkọ̀ náà kún fún páálí àti ọ̀rá, ó sì ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iná ṣe ń ṣe nínú òkìtì ìdọ̀tí, kó béèrè nípa ààtàn Olúṣòsùn ní Òjótà, níbi tí iná ti jó ní oṣù Kẹta ọdún 2018 tí ìjọba fi ti ibẹ̀ pa fún ìgbà kan.

Kíyè sí afẹ́fẹ́ ọ̀sà pẹ̀lú, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí ẹ̀yìn yín kọjú sí i.

Eérú igi tó ti tutù pátápátá wúlò. Ẹ wọ́n ọn díẹ̀ sí ìdí ewédú àti tẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe eérú pákó tí wọ́n kùn lọ́dà o. Ẹ má sì jẹ́ kí omi eérú wọ ojú. Òun ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó lágbára.

Èéfín tí a kò rí

Èédú tó ń kú lọ kì í rú èéfín púpọ̀, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Afẹ́fẹ́ tó dín kù ló ń mú kí ó tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò láwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á fọ́ni, oorun á kunni, èèyàn lè má jí. Bí òjò bá dé bá yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi èédú sílẹ̀ fún òjò. Ẹ má gbé e wọ yàrá.

Bí iná bá jóni

Omi tútù tó mọ́, kó máa ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ńbà tí a ń pè l'Ékòó bí iná bá sọ: 767 tàbí 112. Kí gbogbo kíláàsì kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ fún àgbà

Ọmọ ọdún 12 kò lè dé ìdí àdògán ìyá alágbàdo kó ní, "Ẹ ò pa iná yín dáadáa." Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ṣe eré rẹ̀ níwájú kíláàsì báyìí:

Ọmọ (ó kúnlẹ̀): Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ kú ọjà.
Ìyá: O ṣé, ọmọ mi. Ti èló ni kí n dì fún ẹ?
Ọmọ: Kì í ṣe àgbàdo ni mo wá rà, mà. Wọ́n kọ́ wa ní nǹkan nílé ìwé, wọ́n ní bí ẹ bá dé èédú yín pa, á ṣẹ́ kù dọ̀la. Ṣé kí n bá yín gbé ìkòkò tó ní ìdérí wá?
Ìyá: Èédú ọ̀hún tó ti gbówó lórí yìí? Gbé e wá ká wò ó.

Ìgbéléwọ̀n

1. Kí ló dé tí ìyá àgbà fi ń fi eérú bo iná lálẹ́?
2. Bàbá kan fọwọ́ kan eérú láàárọ̀, ó tutù, ó sì dà á sínú páálí. Kí lo máa sọ fún un, báwo lo sì ṣe máa sọ ọ́?
3. Ibo ni kí a dúró sí bí a bá ń wọ́n omi sórí ẹ̀yinná, kí ló sì dé?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Lónìí, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, bá ẹnì kan tó ń yan nǹkan ní àdúgbò rẹ sọ̀rọ̀: oníbọ̀lì, alásùyà, tàbí ìyá tó ń yan ẹja. Kí i dáadáa. Béèrè ibi tó ń da eérú rẹ̀ sí, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mú un wá lọ́la.