Ẹ̀yin Àgbẹ̀, Ẹ Ṣọ́ra Kí Ẹ Tó Gé Kòkó Yín

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí abúlé yín, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́, tó ní kí ẹ gé kòkó àti obì kí ẹ lè gbin ohun tí òun fẹ́ rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú àdá.

Láti oṣù kẹta ọdún 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde ní Nàìjíríà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ gómìnà. Ẹni tó ti ń dáko kó tó dìgbà náà ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dáko rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí gómìnà bá gba ilẹ̀ náà fún àǹfààní ará ìlú, owó gbà-má-bìínú tí òfin là sílẹ̀ kì í ṣe owó ilẹ̀. Ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń díye lé. Òṣìṣẹ́ á dé pẹ̀lú ìwé àti báírò, á ka kòkó, á ka ọ̀pẹ, á wo ebè iṣu. Oko tí ẹ ti gé gbogbo igi rẹ̀ ńkọ́, kí ni yóò kà níbẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń san ìṣákọ́lẹ̀, tiyín tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin 1978 kò pa àdéhùn onílẹ̀ àti ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ilẹ̀ fún iṣu àti ẹ̀gẹ́, ẹ má torí pé ìjọba pín irúgbìn kí ẹ gbin igi sí i láìsọ fún onílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí.

Ìwé ilẹ̀ dára, ẹ wá a lọ sí kàńsù. Àmọ́ ìwé nìkan kò tó. Ní Rwanda, ìjọba forúkọ abala ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá sílẹ̀, síbẹ̀ ètò ọ̀gbìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ló ń yan ohun tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa gbìn. Àwọn aláṣẹ ti fa ohun ọ̀gbìn àwọn tó gbin nǹkan mìíràn tu rí.

Mo gbà pé kòkó tó ti darúgbó ń fẹ́ àtúngbìn. Ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí oúnjẹ ilé má wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú irúgbìn wá: ta ni yóò ra irè náà, èló ni, ta ni yóò ru gbèsè bí òjò bá kọ̀? Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má tẹ̀ka sí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí yín létí. Kí igi kankan tó wó lulẹ̀, ẹ kà wọ́n níṣojú aládùúgbò, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ yín tó wà nílùú.