Ẹ́ńjìnnì Tuntun Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́: Bíréèkì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Kí ẹ tó kó owó lọ sí Ládípọ̀ láti ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó wà lọ́gbà yín, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí èrò kò sí. Ẹ sá a dé kìlómítà 60 ní wákàtí, kí ẹ wá tẹ bíréèkì. Ṣé ó fà sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ṣé ẹsẹ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ kó tó mú? Ṣé ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta? Bí ọ̀kan péré nínú nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, owó bíréèkì ló wà lápò yín, kò tíì di owó ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn létí ẹni tó ti rí ẹ́ńjìnnì tó wù ú. Ẹlòmíì ń fi Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù kó ẹrù ọjà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti ń mu ọ́ìlì, ó ń tú èéfín búlúù kiri ìlú. Ẹlòmíì jogún lọ́rì Bedford bàbá rẹ̀, ó ti tún pákó ara rẹ̀ kàn, ó ti kùn ún, ó wá ń fẹ́ kí ó gbé òun dé Ìjẹ̀bú-Òde nígbà ọdún Ojúde Ọba láìjẹ́ pé tírélà ń fun fèrè mọ́ òun lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹni tó ń kó ẹrù ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ohun tó ń sún wọn ṣe é kò ṣòro láti rí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 504 tó ń lo kàbúrétọ̀, èyí tó jẹ́ 1,971 cc, kò pé agbára ẹṣin 100 nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Ẹ́ńjìnnì 2TR tó wà nínú bọ́ọ̀sì Hiace, èyí tí a ń pè ní Hummer ní gáréèjì, lé ní 140. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà níta yanturu, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú sì pọ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín, á ní, “Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, á wọlé.” Òótọ́ ló sọ. Á wọlé. Wẹ́dà tó bá mọṣẹ́ lè mú kí ẹ́ńjìnnì èyíkéyìí wọ inú ọkọ̀ èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láyé ọjọ́un, eré kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Bíréèkì rẹ̀, sípíríìnì rẹ̀, táyà rẹ̀, sítíárìn rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì kan àti irú ọ̀nà kan ni wọ́n fi wọn gbogbo wọn. Lọ́rì Bedford tó ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ gba àárín ìlú ló mọ̀. Àìlágbára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn ni ìjánu ọkọ̀ náà. Awakọ̀ kò lè sá eré tí bíréèkì kò ní ká, torí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò ní gbà fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnnì náà sọnù lẹ ja ìjánu.

Eré àti ìdúró kì í pọ̀ sí i bákan náà. Bí eré bá gòkè láti 60 dé 90, ọ̀nà tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po méjì àti ìdá mẹ́rin kan. Bó bá di 120, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹ kò sì tíì di àpò iṣu kan lé e. Dúróòmù bíréèkì máa ń gbóná, bí ooru náà bá sì pọ̀ jù, láínìn inú rẹ̀ kò ní lè di irin mú mọ́. Ó lè mú dáadáa ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́ láti orí 100. Ìtẹ̀ kejì àti ìkẹta, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn, ni wàhálà wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà wa ṣe rí: ẹ ó sáré díẹ̀, ẹ ó já sínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lójijì, ẹ ó tún sáré, ẹ ó tún rí kòtò.

Ibi tó ń kọ mí lóminú jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, ọ̀pọ̀ ni kò sì kà á sí. Nínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́, agolo dúdú roboto kan wà níwájú pẹ́dààlì, tí mẹkáníìkì ń pè ní bọ́ọ̀stà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ló máa ń fa afẹ́fẹ́ inú agolo yìí jáde gba inú rọ́bà kan, ìfàmọ́ra yẹn ló sì ń bá ẹsẹ̀ yín ti bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í fa afẹ́fẹ́ báyẹn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi fi pọ́ǹpù kékeré kan sí i lára, lẹ́yìn ọ̀tánétọ̀ ló sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù ilẹ̀ Jàpáànì. Wàyí o, ẹ yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, ẹ gbé dísù sí i. Ọ̀tánétọ̀ tó bá a wá kò ṣiṣẹ́. Rewáyà bá ra òmíràn tí kò ní pọ́ǹpù lẹ́yìn, torí pé èyí ló rí, tí kò sì wọ́n. Iná á tàn, bátìrì á máa gba agbára, ẹ́ńjìnnì á máa dún geere, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan dín títí di ọjọ́ tí màlúù bá já sójú títì.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dààlì bíréèkì léraléra títí tí á fi le. Ẹ fi ẹsẹ̀ sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Pẹ́dààlì náà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá mira, kí ọkọ̀ náà má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́rì ńlá tó ń lo afẹ́fẹ́ fún bíréèkì náà ní tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì tí ẹ fẹ́ gbé sí i gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń pọn afẹ́fẹ́ sínú táńkì. Bí kò bá ní in, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Nígbà tí ẹ bá ṣì wà nídìí bíréèkì, ẹ wo páìpù rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́, màsítà kan ṣoṣo ló ń ti ọ́ìlì sí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ gba ojú kan náà. Bí páìpù bá bẹ́ níbì kan, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1967 ni wọ́n ti pín ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí apá méjì ní Amẹ́ríkà, kí apá kan lè dá ọkọ̀ dúró bí ìkejì bá já. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé màsítà alápá méjì lẹ fẹ́, kí ó sì fa páìpù tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ó lẹ ti àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ iná tó lè jó ọkọ̀ tún wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń gbé epo lọ sí kàbúrétọ̀ kì í ti epo lágbára. Bí a bá fi ìwọ̀n tí fọ́kanáísà fi ń wọn táyà wọ̀n ọ́n, kì í sábà ju 5 lọ. Ẹ́ńjìnnì òde òní tó ń fín epo sínú, 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń béèrè. Rọ́bà àti kílíìpù àtijọ́ kò lè gba èyí mọ́ra. Yóò kọ́kọ́ máa rin, lẹ́yìn náà yóò tú sórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì yìí wà lọ́jà, ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ á sì sọ ọ́. Ẹ tún jẹ́ kí rewáyà so pọ́ǹpù epo náà lọ́nà tí yóò fi kú fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Mo ti rí èyí tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà, tí ó ń ti epo lọ láìdúró, ẹ́ńjìnnì ì báà kú, ì báà yè.

Rédíétọ̀ àtijọ́ kì í sábà tó fún ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ú lọ. Ẹ kò ní mọ̀ lórí ìrìn. Orí Long Bridge ní ìtòsí Kárà, lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí ọkọ̀ kò lọ tí kò bọ̀, lẹ ó ti mọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa kan ní oògùn kan ṣoṣo fún èyí: wọ́n á yọ táámósítáàtì sọnù. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tó ní kọ̀ǹpútà ń retí kí omi rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan. Bí kò bá gbóná tó, kọ̀ǹpútà náà á rò pé òwúrọ̀ ni ṣáá, á máa da epo sí i, owó epo tí ẹ fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì tuntun dín kù á sì pọ̀ sí i. Rédíétọ̀ tó tóbi, tó ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ dáadáa, ni oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí gíà, torí pé níbẹ̀ ni ẹlòmíì ti lè rí i pé òun kò tilẹ̀ nílò ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ká sọ pé táyà yín ń rin mítà 2.1 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ní eré 100, á yí tó ìgbà 794 ní ìṣẹ́jú kan. Bí áásù ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.1, tí gíà kẹrin sì jẹ́ tààrà, ẹ́ńjìnnì á máa yí tó ìgbà 3,250 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù òde òní lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Dísù ńlá kò ní ṣe é: ti Mercedes 911, 2,800 ni wọ́n fi òpin sí. Ẹ wá fi gíàbọ́ọ̀sì tó ní gíà karùn-ún 0.8 sí i, 3,250 yẹn á di 2,600. Ariwo á rọlẹ̀, epo á dín kù. Nítorí náà, ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ní ìlera, tó jẹ́ pé ariwo nìkan ló sú u lójú márosẹ̀, gíàbọ́ọ̀sì ló yẹ kó lọ wá. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fúnra wọn kò gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè kọjá 100 lójú márosẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti akérò kò gbọdọ̀ kọjá 90, ti tírélà àti táńkà sì kéré sí ìyẹn gan-an. Ta ni a fẹ́ bá sá eré 130?

Bí ẹ bá pààrọ̀ gíàbọ́ọ̀sì, aago tó ń ka eré lè kú, torí pé wáyà tó ń yí ló ń mú ti àtijọ́ ṣiṣẹ́, iná mànàmáná sì ni tuntun ń lò. Awakọ̀ á wá máa fi etí wọn eré. Ẹ́ńjìnnì tuntun kò sì pariwo tó ti tẹ́lẹ̀, etí náà á tàn án. Ẹ má fi aago yìí ṣe ohun tí ẹ ó ṣe tí owó bá ṣẹ́ kù.

Lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wo bí pọ́ọ̀tù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe jìnnà sí áásù iwájú tó. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, áásù náà á gbéra sókè. Bí àyè bá há, wẹ́dà á fẹ́ gé pọ́ọ̀tù náà kó tún un jó, ibẹ̀ lọ́ìlì á sì ti máa jò títí. Ẹ mi sítíárìn sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró: bó bá ń yí láìfa táyà, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ronú kan eré. Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú DOT ara rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Lẹ́tà tó wà lẹ́bàá nọ́ńbà ẹrù ń sọ eré tó lè gbà: J jẹ́ 100, L jẹ́ 120. Táyà tòkunbọ̀ tí ó dán bíi tuntun lè ti lo ọdún mẹ́wàá ní ilé ìkẹ́rù.

Ní Amẹ́ríkà, eré ìdárayá ni fífi ẹ́ńjìnnì tuntun sínú ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á mú Chevrolet akẹ́rù tí wọ́n ṣe láàárín 1947 sí 1955, wọ́n á fi ẹ́ńjìnnì V8 òde òní sí i. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn ló ń lo iná 6 volt, dúróòmù ni bíréèkì rẹ̀ níwájú lẹ́yìn, kò sì ní bẹ́líìtì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yí bíréèkì, sítíárìn àti áásù padà kí wọ́n tó gbé ẹ́ńjìnnì wọlé. Ọ̀rọ̀ iná kan àwa náà: ẹ wò ó bóyá 12 ni lọ́rì yín ń lò tàbí 24, nítorí kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí rewáyà ń pè ní brain box, kò ní dárí jì yín. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú brain box rẹ̀, gbogbo wáyà rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì ní ìhòòhò á padà wá ra ìyókù ní ẹ̀yọ kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n bá sì pè é náà ni yóò san.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lára, kí ẹ sì fi ojú ara yín wo nọ́ńbà náà lára irin. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín. Bó bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ọkọ̀, ọlọ́pàá tó dá yín dúró lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí ẹ ti rí i, ilé-iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú sì lè rí àwáwí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n bá yín yí i padà kí ẹ tó lo ọkọ̀ náà, kí àwọn VIO náà sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn tí gbogbo èyí bá parí, ẹ wa ọkọ̀ náà ní òfìfo lákọ̀ọ́kọ́, ní kùtùkùtù, láìju 60 lọ. Bí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún gbogbo nọ́ọ̀tì ìdúró ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáfù fún, kí ó fọwọ́ kan dúróòmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń fà. Ẹ tú u kí ẹ tó di ẹrù sí i.